Yíyan Ètò Ìyàwòrán fún Ẹ̀rọ Géèmù Alágbèéká: Àgbéyẹ̀wò Ìperí àti Ìlò Wọn

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìperí ìmọ̀ ẹ̀rọ rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun kan lórúkọ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ohun náà ti wá, iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀, àti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó wò, tí kò wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, orúkọ tí yóò mú jáde lè dùn létí kí ó sì ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń yan ètò kọ̀ǹpútà tí a óò fi ya àwòrán fún ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, èyíinì ni ẹ̀rọ ìṣeré tí a lè mú lọ́wọ́ kiri. A mú Game Boy, tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní ilẹ̀ Jàpáánì ní ọdún 1989, ṣe àpẹẹrẹ pàtàkì. Nintendo dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ náà dúró ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe géèmù tuntun fún un títí di òní. A yàn án nítorí pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ lè ṣàlàyé gbogbo bí ó ṣe ń to àwòrán láìfi ohunkóhun pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Èrò wa ni pé ìbéèrè nípa ètò tí ó yẹ àti ìbéèrè nípa ìperí tí ó yẹ kò jìnnà sí ara wọn. Ètò tí ó dára ni èyí tí ó ń fi ohun tí ẹ̀rọ náà ń pa mọ́ han ayàwòrán. Ìperí tí ó dára náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

2. Bí Game Boy ṣe ń to àwòrán

Ojú ẹ̀rọ Game Boy ní ẹyọ-àwòrán 160 ní ìbú àti 144 ní òró. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 23,040. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè mú ọ̀kan nínú rẹ̀, láti orí èyí tí ó mọ́ jù lọ títí dé orí èyí tí ó dúdú jù lọ. Bíìtì méjì ni a nílò láti fi ọ̀kan hàn nínú mẹ́rin. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ pa gbogbo ojú ẹ̀rọ náà mọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a óò lo bíìtì 46,080, èyí tí í ṣe báìtì 5,760. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní tí ó ń fi báìtì mẹ́ta pa àwọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, àwòrán kan náà yóò gba báìtì 69,120.

Gbogbo àyè tí Game Boy ní fún àwòrán kò ju báìtì 8,192 lọ. Ẹ̀rọ náà kì í sì í pa ojú àwòrán mọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń pa mọ́ ni àwọn àwòrán kéékèèké onígun mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró. Báìtì 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àyè wà fún 384 irú wọn, èyí tí ó jẹ́ báìtì 6,144. Báìtì 2,048 tí ó ṣẹ́kù jẹ́ ti àtẹ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 32 ní ìbú àti 32 ní òró. Báìtì kan ṣoṣo ni ojú kọ̀ọ̀kan àtẹ náà ń gbà, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àwòrán bí kò ṣe nọ́ńbà: ní ibí yìí, ẹ tẹ àwòrán kékeré kìíní, ní ibí yìí, ẹ tẹ ìkẹtàlá.

Ojú 20 ní ìbú àti 18 ní òró ni a ń rí lẹ́ẹ̀kan náà, èyíinì ni ojú 360. Bẹ́ẹ̀ ni báìtì kan kò lè ka ju nọ́ńbà 256 lọ. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ojú 360 náà kò lè yàtọ̀ síra wọn tán, àyàfi bí ẹni tí ó kọ ètò géèmù náà bá dá ọgbọ́n láti máa pààrọ̀ wọn bí ojú ẹ̀rọ ti ń yọ lọ́wọ́. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ tún ohun kan náà lò ní ibi púpọ̀. Bí ó bá ya pápá oko tí ó ní koríko, ọ̀nà, igi àti ògiri, tí ó sì lo àwòrán kéékèèké méjìlá péré, báìtì 192 ni àwọn méjìlá náà yóò gbà. Bí a bá fi báìtì 360 ti àtẹ kún un, gbogbo rẹ̀ di 552, dípò 5,760 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn àwòrán tí ń rìn kiri, bí akọni géèmù àti àwọn ọ̀tá rẹ̀, ní ètò tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ náà lè gbé 40 irú wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò lè ju mẹ́wàá lọ lórí ìlà ìbú kan. Nínú àwọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan kì í hàn lára wọn, kí á lè rí ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn. Àwọ̀ mẹ́ta ni ó kù fún ayàwòrán láti fi ṣiṣẹ́.

3. Sísọ wọ́n lórúkọ

3.1 Ẹyọ-àwòrán. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní píksẹ́lì ni a pè báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn fẹ́ pè é ní àmì tóótó. A kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ibi tí ó bá wu ènìyàn ni ó lè ta àmì tóótó sí. Ẹyọ-àwòrán ní àyè tirẹ̀ tí kò lè kúrò nínú rẹ̀, kò sì lè ní ju àwọ̀ kan lọ. Ó jọ ìlẹ̀kẹ̀ ara adé: a kì í pín ìlẹ̀kẹ̀ kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ pupa kí ìdajì kejì funfun.

3.2 Òǹtẹ̀. Orí èyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé jù lọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwòrán kékeré ẹlẹ́yọ mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ náà ní táìlì, lórúkọ ohun pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé. Bí olùtumọ̀ bá gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni táìlì tí ó mọ̀. Ẹni tí ó ń tẹ́ táìlì mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tí òun bá tẹ́ ni òun yóò san owó rẹ̀. Bí yàrá bá gba 360, yóò ra 360. Lórí Game Boy, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yíyà rẹ̀ ni ó ń náni ní báìtì 16. Títẹ̀ ẹ́ sójú àtẹ kò náni ju báìtì kan lọ, ì báà jẹ́ ìgbà igba ni a tẹ̀ ẹ́.

Òǹtẹ̀ ni Yorùbá ń pe ohun tí a gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń fi tẹ àmì kan náà sí ibi púpọ̀. Irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta máa ń gé iṣẹ́ ọnà sára páànù, wọn a sì máa fi páànù kan ṣoṣo náà tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ láti etí dé etí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ òǹtẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé gbígbẹ́ ni ó ṣòro, títẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó yan ètò ìyàwòrán nìyẹn.

3.3 Àtẹ-òǹtẹ̀. Èyí ni àtẹ nọ́ńbà tí ó ń sọ ibi tí a óò tẹ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí.

3.4 Àwo-ọ̀dà àti nọ́ńbà-ọ̀dà. Àwo-ọ̀dà ni ohun tí wọ́n ń pè ní páléètì. Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀ràn akunlé kan tí ó to agolo ọ̀dà mẹ́rin sílẹ̀, tí ó sì kọ 0, 1, 2 àti 3 sí wọn lára. Lórí ìwé àpẹẹrẹ rẹ̀, kò kọ orúkọ àwọ̀ kankan. Nọ́ńbà agolo ni ó kọ. Bí ó bá da ọ̀dà inú agolo kejì nù tí ó sì rọ òmíràn sí i, gbogbo ibi tí a kọ nọ́ńbà náà sí yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan ìwé àpẹẹrẹ. Bí òǹtẹ̀ ṣe ń pa àwọ̀ mọ́ nìyí. A pe ọ̀nà yìí ní àwọ̀ onínọ́ńbà. Èkejì rẹ̀ ni àwọ̀ àpòlù, níbi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti ń ru ìwọ̀n àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró tirẹ̀. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní àwọ̀ lásán, ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí yóò sọnù.

3.5 Ọmọlángidi. Orúkọ àwòrán tí ń rìn kiri ní Gẹ̀ẹ́sì ni sìpíráìtì. Bí a bá wo ìwé atúmọ̀ èdè nìkan, iwin ni a óò túmọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò sí iwin kankan nínú ẹ̀rọ náà. Ère kékeré tí a ń gbé síwá sẹ́yìn níwájú ohun tí kò mira ni ó wà níbẹ̀, ọmọlángidi sì ni ère bẹ́ẹ̀ ń jẹ́.

3.6 Ìmétíjọ̀lọ̀. A ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí láti ara ì + mú + etí + jọ̀lọ̀. Òun ni àṣà tí ọ̀pọ̀ ètò ìyàwòrán ní láti máa fi àwọ̀ agbedeméjì sí etí ìlà kí etí náà má baà rí ṣágiṣàgi. Fún àwòrán ara ògiri tàbí ìwé ìròyìn, ó dára. Fún òǹtẹ̀ tí kò ní ju àwọ̀ mẹ́rin lọ, ó ń mú àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè wọlé.

4. Òṣùwọ̀n fún yíyan ètò

Láti inú ohun tí a ti sọ, a lè fa ìbéèrè márùn-ún yọ tí a óò bi ètò kọ̀ọ̀kan.

(i) Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ onínọ́ńbà, tí ayàwòrán sì lè pinnu ipò ọ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú àwo-ọ̀dà?

(ii) Ǹjẹ́ ó lè ta àwọ̀n ìlà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ bo àwòrán, kí á lè rí ibi tí òǹtẹ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀?

(iii) Ǹjẹ́ ó lè ka iye òǹtẹ̀ tí ó yàtọ̀ síra? Bí kò bá lè kà á, ètò wo ni yóò kà á lẹ́yìn rẹ̀?

(iv) Ǹjẹ́ a lè pa ìmétíjọ̀lọ̀ rẹ̀ kú pátápátá?

(v) Ǹjẹ́ ó ń fi àwòrán pamọ́ láìyí nọ́ńbà-ọ̀dà padà?

Ìbéèrè karùn-ún yìí gba àlàyé díẹ̀. Irú fáìlì PNG, GIF àti BMP lè pa àwọ̀ onínọ́ńbà mọ́ bí ó ti wà. JPEG kò lè ṣe é. JPEG pẹ̀lú máa ń pín àwòrán sí onígun mẹ́rin ẹlẹ́yọ mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, èyí sì lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó bá òǹtẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ aládàánù ni tirẹ̀: ohun tí ó sún mọ́ àwòrán náà ni ó ń pa mọ́, kì í ṣe àwòrán náà gan-an. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ mẹ́rin tí ó bá wọ inú JPEG lè jáde pẹ̀lú ọgbọ̀n àwọ̀. Bákan náà, àwọn ètò kan wà tí wọ́n máa ń tún àwo-ọ̀dà tò bí wọ́n bá ń fi PNG pamọ́. Lójú, àwòrán kò yí padà. Lórí ẹ̀rọ, ohun tí ó yẹ kí ó dúdú yóò funfun.

Ẹ kíyè sí i pé a kò béèrè bóyá ètò náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìkunlé igba tàbí bóyá ó lọ́lá. Ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè gbà kò wúlò fún wa.

5. Àyẹ̀wò àwọn ètò

Ìtàn fi hàn pé ìṣòro yìí kò sí ní àtètèkọ́ṣe. Deluxe Paint, tí Dan Silva ṣe tí Electronic Arts sì gbé jáde fún kọ̀ǹpútà Amiga ní ọdún 1985, ń lo àwọ̀ onínọ́ńbà nítorí pé kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ń lò ó: ọ̀dà 32 ni ayàwòrán ń yàn láti inú 4,096. Ayàwòrán ìgbà náà kò lè ṣe é kí ó má mọ àwo-ọ̀dà. Ìgbà tí àwọ̀ di púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn ètò bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà-ọ̀dà pamọ́.

Adobe Photoshop, tí ó jáde ní ọdún 1990, ní ipò àwọ̀ onínọ́ńbà, ṣùgbọ́n bí a bá wọ inú ipò náà, a kò ní lè lo ìpele lórí ìpele mọ́. Ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni a óò pàdánù kí á tó rí ohun tí a ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni Inkscape, tí a fi ń ya ìlà oníṣirò tí ó ṣeé fẹ̀ láìbàjẹ́, kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé òǹtẹ̀ kì í fẹ̀, kì í sì í sún.

GIMP jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó gbà kí á lo ìpele nínú àwọ̀ onínọ́ńbà, ó gbà kí á tún ipò ọ̀dà tò, a sì lè ta àwọ̀n ìlà sí i. Kò ka òǹtẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé pẹ́ńsùlù ètò náà ni kí ó máa lò, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Aseprite, tí David Capello bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, jẹ́ ti iṣẹ́ ẹlẹ́yọ-àwòrán gan-an. Láti ẹ̀dà 1.3 tí ó jáde ní ọdún 2023 ni ó ti ní ìpele àtẹ-òǹtẹ̀: bí a ti ń yàwòrán, òun fúnra rẹ̀ ń dá òǹtẹ̀ tí ó jọra mọ̀. Owó ni a ń rà á. Ìgbà tí ìwé àṣẹ rẹ̀ yí padà ní ọdún 2016 ni àwọn kan mú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí ó gbẹ̀yìn, wọ́n sì sọ ọ́ di LibreSprite. LibreSprite kò ní ìpele àtẹ-òǹtẹ̀ ti ẹ̀dà 1.3, ṣùgbọ́n ó dáhùn ìbéèrè (i), (ii), (iv) àti (v) dáadáa. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní owó púpọ̀, òun ni a óò kọ́kọ́ mẹ́nu kàn.

Game Boy Tile Designer, iṣẹ́ ọwọ́ Harry Mulder, kò mọ ohun mìíràn ju òǹtẹ̀ lọ. Ó lè kọ òǹtẹ̀ jáde tààrà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí olùkọ ètò géèmù yóò lò. Agbára rẹ̀ nìyẹn, àléébù rẹ̀ náà nìyẹn: òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń rí níbẹ̀, a kì í rí odindi àwòrán. Ìdí nìyí tí ẹni kan náà fi ṣe ètò mìíràn fún títo àtẹ-òǹtẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ètò ìsọdòǹtẹ̀, tí kì í yàwòrán bí kò ṣe pé wọ́n ń gba PNG tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òǹtẹ̀ àti àtẹ. RGBGFX ń ṣe èyí fún Game Boy. GB Studio, tí Chris Maltby gbé jáde ní ọdún 2019, ń ṣe é nínú ètò ńlá kan tí a fi ń ṣe odindi géèmù. GB Studio ti yan àwọ̀ mẹ́rin pàtó tí àwòrán gbọ́dọ̀ lò, ó sì fi òté lé òǹtẹ̀ tí ó yàtọ̀ síra nínú àwòrán ẹ̀yìn kan: fún Game Boy aláwọ̀ mẹ́rin, kò gbọdọ̀ ju 192 lọ. Ẹni tí ó bá ń lò ó lè fi GIMP tàbí LibreSprite yàwòrán láìbẹ̀rù, nítorí pé ètò ìsọdòǹtẹ̀ ni yóò dáhùn ìbéèrè (iii).

6. Àwọn ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ lé e

Game Boy Color, tí ó jáde ní ọdún 1998, lè fi oríṣi àwọ̀ 32,768 hàn. Àwọn kan rò pé ìṣòro ti tán nìyẹn. Àwo-ọ̀dà mẹ́jọ ni ó ní fún àwòrán ẹ̀yìn, ọ̀dà mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ tí a tẹ̀ sójú kan kò lè lo ju àwo kan lọ. Àwọ̀ karùn-ún kò lè wọ inú onígun mẹ́rin náà, bí ó ti wù kí àwọ̀ pọ̀ tó níta.

Lórí Game Boy Advance ti ọdún 2001, òǹtẹ̀ aláwọ̀ 16 ń gba báìtì 32. Kọ̀ǹpútà ń pín àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró sí ìwọ̀n 256 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n 32 péré ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Àwọ̀ méjì tí ó yàtọ̀ díẹ̀ síra lórí kọ̀ǹpútà lè di ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Ojú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ náà kò sì ní iná. Nítorí èyí, àwọn ayàwòrán máa ń mú àwọ̀ mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ti fẹ́ kí ó rí lọ. Kò sí ètò ìyàwòrán tí yóò sọ èyí fún ni. Orí ẹ̀rọ gan-an ni kí á ti yẹ̀ ẹ́ wò.

7. Ìdánrawò fún kíláàsì

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ fún un ní ìwé gíráàfù. Kí ó fa ilà yí ojú 16 ní ìbú àti 16 ní òró ká, kí ó pín in sí òǹtẹ̀ mẹ́rin, kí ó sì kọ 0, 1, 2 tàbí 3 sí ojú kọ̀ọ̀kan títí ọmọlángidi kan yóò fi yọ. Kí 0 dúró fún àwọ̀ àríkọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: báìtì mélòó ni ó lò? Bí mẹ́fà irú ọmọlángidi yìí bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Òǹtẹ̀ wo ni ó lè tún lò?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni 64. Ìdáhùn kejì ni pé ìkẹfà kò ní hàn, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ẹyọ ọmọlángidi méjì lórí ìlà kan, mẹ́wàá sì ni òpin. Ìdáhùn kẹta wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí kò ní béèrè ètò tí ó lókìkí jù mọ́. Ètò tí yóò jẹ́ kí ó rí nọ́ńbà rẹ̀ ni yóò máa wá.

8. Ìkádìí

A ti fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ géèmù kékeré ń pa mọ́ ni nọ́ńbà, òǹtẹ̀ àti àtẹ. LibreSprite tàbí GIMP pẹ̀lú ètò ìsọdòǹtẹ̀ tó fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Aseprite yẹ ẹni tí ó bá lè rà á. Ní ti ìperí, a rọ àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ kí wọ́n gbé òǹtẹ̀, àwo-ọ̀dà àti ọmọlángidi yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí ó wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ.

Àtẹ ìperí

àríkọjá: àwọ̀ tí kì í hàn, tí a ń tipasẹ̀ rẹ̀ rí ohun ẹ̀yìn.
àtẹ-òǹtẹ̀: àtẹ nọ́ńbà tí ó ń sọ ibi tí a óò tẹ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí.
àwo-ọ̀dà: àkójọ ọ̀dà tí a fún ní nọ́ńbà.
àwọ̀ àpòlù: àwọ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ru ìwọ̀n pupa, ewé àti aró tirẹ̀.
àwọ̀ onínọ́ńbà: àwọ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ru nọ́ńbà-ọ̀dà nìkan.
àwọ̀n ìlà: ìlà ìbú àti òró tí ó pín àwòrán sí ojú ojú.
ètò ìsọdòǹtẹ̀: ètò tí ń sọ àwòrán di òǹtẹ̀ àti àtẹ.
ẹyọ-àwòrán: ojú kan ṣoṣo aláwọ̀ kan nínú àwòrán.
ìfúnpọ̀ aládàánù: ọ̀nà ìpamọ́ tí ń dín àyè kù nípa sísọ díẹ̀ nínú àwòrán nù.
ìmétíjọ̀lọ̀: fífi àwọ̀ agbedeméjì sí etí ìlà.
ìpele: àwòrán kan tí a tẹ́ lé orí òmíràn láìpò wọ́n pọ̀.
nọ́ńbà-ọ̀dà: ipò ọ̀dà nínú àwo-ọ̀dà.
ọmọlángidi: àwòrán tí ń rìn lórí àwòrán ẹ̀yìn.
òǹtẹ̀: àwòrán ẹlẹ́yọ mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ tí a pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a ń tẹ̀ níbi púpọ̀.